Géètì tí Baba Jó ní Hanwa

Suwebat ni orúkọ àbúrò mi. Ọmọ ogún ọdún ni. Sabon Gari, ní Zaria níbí, ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí èmi sí. Ìlọrin ni bàbá Baba wa ti wá. Abdulazeez ni orúkọ tèmi. Wẹ́dà ni mí, irin ni mò ń jó pọ̀. Ìwé mi ò pọ̀. Ọdún kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti dúró, nítorí náà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí.

Baba wa kú nínú ọyẹ́ tó kọjá. Rájí ni wọ́n ń pè é. Àwọn Hausa ń pè é ní Mai Walda, ìyẹn ni oníṣẹ́ wẹ́dà. Láti Sabon Gari títí dé Hanwa, kò sí òpópónà tí kò sí géètì tó jó. Tí mo bá ń kọjá lọ, mo máa ń rí wọn. Baba a máa yí irin orí géètì bí ewé, ewé tó ká etí kò díẹ̀. Ẹlòmíì kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo lè wà nínú kẹ̀kẹ́ tó ń sáré, kí n rí ewé yẹn, kí n sì mọ̀ pé ọwọ́ Baba ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Suwebat ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, òun ló ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún Baba níbi iṣẹ́. Tó bá ti gbé abọ́ sílẹ̀, kì í lọ. Á mú téèpù, á máa wọn irin. Baba á ní, "Akọ̀wé, géètì yìí fẹ̀ tó báyìí. Ọ̀pá irin mélòó la máa gé?" Suwebat á wo òkè, á ka ìka, á sọ ọ́. Kì í ṣì í. Èmi tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ńṣe ni mò ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ tèmi sílẹ̀. Baba á wò mí.

"Abdulazeez, ìwọ di irin mú. Jẹ́ kí ẹni tó lórí ó ronú."

Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Kò dùn mí. Òótọ́ ni.

Ọdún méjì sẹ́yìn ló wọ ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Ìṣirò àti físíìsì ló ní òun fẹ́ máa kọ́ ọmọ. Baba fi odidi ọ̀sẹ̀ kan sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, títí kan ẹni tó kàn fẹ́ béèrè ọ̀nà.

Èmi ni mo ra fóònù fún un. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Wọ́n ní Wásáàpù ni àwọn tíṣà ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí, ẹni tí kò bá ní fóònù ńlá kò ní rí i. Baba ní kó máa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ wo tirẹ̀. Mo ní rárá. Mo ní kí ojú má ti ọmọ wa láàárín ẹgbẹ́. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ọdún kìíní lọ dáadáa. Ọdún kejì ni fóònù bá a dé ìdí abọ́ oúnjẹ. Ọwọ́ ọ̀tún wà nínú tùwó, ọwọ́ òsì ń fa fídíò sókè. Ìyá wa, Asiyah, tó ń ta kúnú lẹ́nu ọ̀nà, kì í lè dákẹ́.

"Suwebat, ọkọ rẹ tó wà lọ́wọ́ òsì ò tíì jẹun. Bù fún un."

"Ìyá, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre."

"Haba! Mo bi ọ́ léèrè ni. Ọkọ wo la ń kì bọ iná lójoojúmọ́ kó tó lè sọ̀rọ̀?"

Ìwé wà lórí tábìlì. Ó máa ń ṣí i. Tó bá ṣí i tán, á gbé fóònù lé àárín rẹ̀ kí ojú ewé má baà padé. Á wà bẹ́ẹ̀ títí ìrun alásàrí. Ojú ewé tó ṣí náà ni yóò pa dé.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kíyè sí ni dígí. Dígí kan wà lára ògiri pálọ̀ wa. Láti kékeré ni Suwebat ti ń dúró níwájú rẹ̀ kó tó jáde. Ó jáwọ́. Inú fóònù ló ti ń wo ojú rẹ̀. Fóònù yẹn máa ń bá a tún ojú ṣe. Á mú un pupa, á mú imú rẹ̀ tín-ín-rín, á sọ ara rẹ̀ di bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó ṣèèṣì gba iwájú dígí kọjá. Ó dúró.

"Ẹ wò mí bí mo ṣe rí."

Mo ní, "Báwo lo ṣe rí?"

"Bí ohun tí iná jó."

Mo ní, "Baba lo jọ."

Ó gbé fóònù sójú.

Ó máa ń ṣe fídíò, á gbé e síta. Tí èèyàn púpọ̀ bá wò ó, inú rẹ̀ á dùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí wọn ò bá wò ó, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹnì kan wá kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀kan pé, ṣé ilé ahoro nìyẹn lẹ́yìn ẹ ni, àbí èèyàn ń gbé ibẹ̀? Ògiri ilé wa ni. Suwebat sunkún.

Mo ní, "Ta ni ẹni yẹn?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Níbo ló wà?"

"Mi ò mọ̀."

"O wá ń sunkún nítorí ẹni tí o ò mọ̀?"

"Bọ̀ọ̀dá, kò lè yé yín."

Lóòótọ́, kò yé mi. Láti ọjọ́ yẹn kò ya fídíò nílé wa mọ́.

Hakeem ń ta ọ̀dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa. Òun ló gbé fóònù rẹ̀ tọ Baba wá lọ́jọ́ kan. "Bàbá Rájí, ẹ wá wo ọmọ yín." Baba nu ọwọ́, ó wo fóònù. Suwebat ló dúró níwájú géètì gíga kan, géètì dúdú tí wọ́n fi ọ̀dà bíi wúrà kun ewé orí rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Baba ò rí ọmọ. Géètì ló rí.

"Géètì mi nìyẹn! Ti Hanwa! Abdulazeez, wá wo ewé yẹn. Odindi oṣù kan la fi ṣe é. Ṣé o rí ọmọ yìí? Ó ń fi iṣẹ́ mi han gbogbo ayé."

Hakeem wò mí. Èmi náà wò ó. Suwebat kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fídíò náà. Ó kọ ọ́ pé, ẹ káàárọ̀ o, láti ilé wa. Èmi àti Hakeem lè kà á. Baba ò lè kà á. Kò sí ẹni tó kà á fún un nínú àwa méjèèjì.

Mo padà lọ bi Yàkúbù, mai-gádì tó ń ṣọ́ ilé náà, bí Suwebat ṣe dé ibẹ̀. Ó ní, "Ṣebí ọmọ Mai Walda ni? Nígbà tí ẹ ń ṣiṣẹ́ níbí, òun ló ń gbé oúnjẹ yín wá. Kí ni màá ní kó má dúró sí?" Nítorí Baba ni wọ́n ṣe ṣí ọ̀nà fún un láti sẹ́ Baba.

Inú Baba dùn fún ọjọ́ púpọ̀. Lọ́jọ́ Tuesday kan, à ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ kan ní Tudun Wada. Baba ní kí a yà kí Akọ̀wé ní ilé-ìwé. Ó ra ọsàn lọ́nà. Aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn wa. Èédú irin wà lójú Baba, ibi tí gíláàsì iṣẹ́ bò nìkan ló mọ́.

Ní ilé wa, ọmọbìnrin á kúnlẹ̀ kí baba rẹ̀. Ì báà jẹ́ ní ọjà, ì báà jẹ́ nínú ẹrẹ̀. Suwebat ń sọ Hausa ju Yorùbá lọ bíi gbogbo ọmọ tí wọ́n bí síbí, ṣùgbọ́n Baba ò fi ìkúnlẹ̀ yẹn ṣeré. Bó bá dé, orúnkún méjèèjì á kanlẹ̀.

A bá a lábẹ́ igi dogoyaro, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ méjì. Ó rí wa. Kò kúnlẹ̀.

Ó ní, "Sannu, Baba."

Bí wọ́n ṣe ń kí àgbàlagbà èyíkéyìí lójú títì nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń ta omi nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í léèrè ẹni tí a jẹ́. Suwebat fi Hausa sọ fún un, ó rẹ ohùn sílẹ̀, pé wẹ́dà ni, òun ló jó géètì ilé àwọn.

Etí Baba mú. Ó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ó fi Hausa dáhùn, ó fi ohùn oníṣẹ́ dáhùn. Ó ní, "Sannu, Hajiya." Ó gbé ọsàn náà sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní láti ilé ni wọ́n ní kí òun gbé e wá. Ó yí padà. Mo tẹ̀ lé e.

A wọ kẹ̀kẹ́, a fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Ó wá ní, "Ó yẹ kí n ti fọ ojú kí n tó wọ ibẹ̀." Ó ní kí n má sọ fún Ìyá.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tó kú. Ṣọ́ọ̀bù la wà. Ó ní kí n pa ẹ̀rọ. Mo pa á. Ó jókòó sórí irin, ó di àyà mú. Kí n tó rí kẹ̀kẹ́, ó ti lọ. A sin ín kí alásàrí tó pé. Suwebat sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Èmi ò sunkún. Mò ń wò ó, inú ń bí mi.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ ni èsì ìdánwò jáde. Suwebat bọ́ nínú iṣẹ́ mẹ́ta, kò yege. Wọ́n ní kó tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tí kò bá yege ní méjì ó kéré tán, kó máa lọ sílé. Ìyá ká ọwọ́ lérí. Suwebat fúnra rẹ̀, kò yà á lẹ́nu.

"Orí mi ò gba nǹkan mọ́, Ìyá. Olódo ni mí. Ẹ jẹ́ kí n máa bá yín ta kúnú."

Ìyá ní, "Kúnú mi ò fẹ́ ẹni tó máa jẹ́ kí fóònù já bọ́ sínú ẹ̀."

Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó tún gbé fóònù sójú. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó jórin láìwọ gíláàsì. Mo mọ ojú yẹn. Mo wọlé lọ mú òòlù. Ìyá dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Ta lo fẹ́ fọ́, fóònù àbí òun?"

Mo gbé òòlù sílẹ̀.

Nígbà tí ara mi balẹ̀ mo bi í pé kí ló dé tí kò lè kàwé. Mi ò bi í bẹ́ẹ̀ rí. Ariwo ni mo máa ń pa. Ó ní, "Mo máa ń fẹ́ kà á, bọ̀ọ̀dá. Màá ní òní ni màá ka gbogbo ẹ̀ tán. Tí mo bá ka ìlà mẹ́ta, ọwọ́ mi á ti lọ síbi fóònù, mi ò ní mọ ìgbà tó lọ. Tí mo bá tún wojú ìwé, ó máa ń dà bíi pé ẹlòmíì ni wọ́n kọ ọ́ fún."

Mo rò ó fún ọjọ́ méjì. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn, iṣẹ́ Baba ni.

Tí èèyàn bá fẹ́ jó irin gígùn méjì pọ̀, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ láti orí, á fà á dé ìdí. Kó tó parí, irin ti tẹ̀. Géètì ò ní bá ògiri mu mọ́. Baba kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Á fi iná kàn án ní bíńtín níhìn-ín, bíńtín lọ́hùn-ún, bíńtín láàárín. Á fi í sílẹ̀ kó tutù. Á tún padà sí i. "Má kó gbogbo iná lé irin lórí lẹ́ẹ̀kan." Ó tó ìgbà ẹgbẹ̀rún tó sọ ìyẹn fún mi.

Mo ní kí Suwebat máa bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Fóònù wọ inú àpótí irinṣẹ́ Baba, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi. Mo gbé àga sí ẹ̀yìn aṣọ tapólì kí iná má baà gún un lójú. Mo ní ojú ewé kan péré. Tó bá kà á tán, kó dìde, kó mu omi, kó wá sọ ohun tó kà fún mi. Ó di ẹ̀yìn náà kó tó ka òmíràn.

"Ẹ̀yin kẹ̀, bọ̀ọ̀dá? Ẹ mọ físíìsì ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí wàá fi sọ ọ́ kó yé mi."

Ọjọ́ kìíní, kò lè ka ojú ewé kan dé ìsàlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sí àpò ṣáá. Hakeem ń wò ó láti ìdí ọ̀dà rẹ̀.

"Suwebat, kí lò ń wá nínú àpò? Ṣé èèrà ń jẹ ọ́ ni?"

"Bọ̀ọ̀dá Hakeem, ẹ máa ta ọ̀dà yín."

"Mò ń tà á. Ṣé kí n kun ojú ẹ? Tèmi kì í ṣe ti inú fóònù o. Tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, kò ní ṣí."

Suwebat rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí Baba ti kú, ẹ̀rín àkọ́kọ́ nìyẹn.

Kò rọrùn o. Ní ìrọ̀lẹ́ mo máa ń fún un ní fóònù títí ìrun ìṣáì. Lọ́jọ́ kan kò dá a padà, ọjọ́ kejì kò sì wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mi ò lọ pè é. Ọjọ́ kẹta ó wá, ó gbé fóònù sínú àpótí fúnra rẹ̀, ó sì lọ jókòó ti ìwé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ló jáde láti ẹ̀yìn tapólì, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ mọ ìdí tí irin fi ń tẹ̀?"

"Iná ni."

"Iná ṣe é báwo?"

"Iná ṣá."

Ó gbé irin pẹlẹbẹ kan nílẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe, ó ń pa Hausa pọ̀ mọ́ Yorùbá. Ó ní tí irin bá gbóná, ó máa ń wú, ojú ò lè rí i ni. Tó bá tutù, á sún kì. Tó bá jẹ́ pé apá kan ló gbóná, apá yẹn á wú, èyí tó kù á di í mú, wọ́n á máa fa ara wọn títí irin á fi tẹ̀. "Ẹ ò rí i pé ìdí tí Baba fi ń kàn án díẹ̀díẹ̀ nìyẹn? Kí ooru má baà pọ̀ sójú kan."

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń jórin. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi rí. Baba gan-an ò mọ̀ ọ́n, ó kàn mọ̀ ọ́n ṣe ni. Mo pa ẹ̀rọ kí n lè gbọ́ dáadáa.

Mo ní, "Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà kò padà sí ìdí ìwé. Ó dúró níbẹ̀, irin wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá. Ọjọ́ ọsàn yẹn. Ṣé Baba gbọ́?"

Mo lè ní rárá. Mo rò ó.

Mo ní, "Ó gbọ́."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní ó yẹ kí òun ti fọ ojú."

Ó jókòó sílẹ̀, sórí ìdọ̀tí irin. Kò kàwé mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́, ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo bá a níwájú ilẹ̀kùn. Ó ti ń kàwé lórí ìdúró.

Ó ṣe ìdánwò náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lẹ èsì, àárọ̀ ló lọ. Ó fi fóònù sínú àpótí. Ó ní tí òun bá mú un dání, ojú ẹlòmíì ni òun á máa wò títí wọ́n á fi lẹ̀ ẹ́. Dé ìrun àílà, kò dé. Kò sì sí bó ṣe lè pè mí. Mò ń jó ilẹ̀kùn ẹnì kan, mò ń sun ibi tí kò yẹ. Mo fi í sílẹ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́.

Ìgbà tí mo sọ̀ níwájú ilé-ìwé ni mo tó rí ara mi. Aṣọ iṣẹ́. Èédú. Mo dúró sí òdìkejì títì, mi ò sọdá. Mo ra omi inú ọ̀rá lọ́wọ́ obìnrin kan. Mo fi eyín já etí rẹ̀, mo tẹ̀ síwájú kí n fi bọ́jú.

"Bọ̀ọ̀dá!"

Suwebat ló ń sọdá bọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì ọjọ́sí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó kúnlẹ̀ nínú yẹ̀pẹ̀, orúnkún méjèèjì.

"Ẹ kú iṣẹ́, bọ̀ọ̀dá mi."

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró. Ọ̀kan bi í léèrè ẹni tí mo jẹ́. Suwebat ò yíjú padà. Ó fi Hausa dá a lóhùn, kò rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni, wẹ́dà ni, bàbá òun tó kú ló kọ́ ọ níṣẹ́.

Mo ní, "Èsì ńkọ́?"

"Méjì. Ìṣirò àti físíìsì."

"Ẹ̀kẹta?"

"Ó tún bọ́. Wọ́n ní kí n máa gbé e lọ sí kílásì tó kàn. Wọn ò lé mi."

Mo ní kó dìde, ilẹ̀ ń gbóná. Ó dìde. Ó gba omi tí mo fẹ́ fi bọ́jú lọ́wọ́ mi, ó mu ún.